Wọ́n ní kí n ṣe sẹ́ẹ̀tì eré, n kò sì kọ́ ọ níbì kankan: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ àwòrán orí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan n'Ìbàdàn: káàdì ìgbéyàwó, bánà òkú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣeré ti dáwó jọ láàárín ara wọn, wọ́n fẹ́ gbé eré kan sórí ìtàgé ní ọ̀sẹ̀ 6 sí i. Wọ́n ní èmi ni n ó ṣe sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri, ilẹ̀kùn àti àwọn nǹkan tí wọ́n ń tò sórí ìtàgé, torí pé mo mọ àwòrán yà. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹnì kan ní kí n má dán an wò, pé iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ ní yunifásítì ni. Ẹlòmíì ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, kí n ṣáà tẹ bánà ńlá kan kí n fi kọ́ ẹ̀yìn. Ta ni kí n gbọ́? Ṣé èèyàn lè ti ìdí eré tí ẹgbẹ́ kékeré ń dá ṣe báyìí kọ́ iṣẹ́ yìí débi tí yóò fi jẹun nídìí ẹ̀?

*

Àbúrò mi, má gbọ́ tẹni kankan nínú àwọn méjèèjì. Èyí tó ní kí o má dán an wò fẹ́ já ọ láyà, èyí tó ní kí o tẹ bánà kò tíì dúró lẹ́yìn ìtàgé rí.

Ìdí sáìnbọ́ọ̀dù lèmi ti wá. Ọ̀gá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà tó gún, bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà, bí wọ́n ṣe ń gun àkàbà láìṣubú. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń tẹ bánà dé, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ẹgbẹ́ òṣèré kan ládùúgbò ní kí n wá bá àwọn kun ògiri ààfin. Ibẹ̀ ni mo gbà wọlé, n kò sì tíì jáde. (Ẹ̀yin onítẹ̀wé lẹ lé mi dé ìdí ìtàgé. Mo ti dárí jì yín.)

Bó bá jẹ́ ti pé ṣé ó ṣeé ṣe, ó ti ṣeé ṣe tipẹ́. Olùkọ́ ni Hubert Ogunde, ó sì tún ṣe ọlọ́pàá, kó tó dá ẹgbẹ́ òṣèré ẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Yunifásítì Ìbàdàn, àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí, 1948 ló bẹ̀rẹ̀. Ta ni ìbá kọ́ ọ? Jimoh Buraimoh tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àwòrán onílẹ̀kẹ̀, iná ìtàgé ló ń ṣètò fún ẹgbẹ́ Duro Ladipo l'Òṣogbo kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká oníṣẹ́ ọnà.

Ṣùgbọ́n má torí ìyẹn bú ilé ìwé. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèré Kola Ogunmola gbé eré Ọ̀mùtí jáde ní Arts Theatre ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, Demas Nwoko ló ṣe sẹ́ẹ̀tì. Nwoko ti kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ ìtàgé ní Paris. Ogunmola ní tiẹ̀ ti ń ru ẹrù eré kiri láti ìlú dé ìlú fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Àwọn méjèèjì ló pàdé lórí pátákó kan náà, ẹnu ò sì yé ròyìn ohun tó ti ibẹ̀ jáde dòní.

Kí n tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, dá mi lóhùn: gbọ̀ngàn wo ni? Ta ni dárẹ́kítọ̀? Èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún pákó?

*

Bó ṣe ń wá èsì wá, ẹ jẹ́ kí n fèsì fún àwọn tó ti dá sí i. Ibikíbi táwa onítíátà bá jókòó sí, ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń pín sí, ẹ sì ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbí.

Àwọn kan ní ilé ìwé ni dandan. Ààbò ni ẹ̀rí wọn: pé ẹni tí kò kọ́ ọ yóò gbé ohun tí yóò wó pa èèyàn sórí ìtàgé. N kò lè bá wọn jà, torí díẹ̀ ló kù kó ṣẹlẹ̀ sí mi. Fíláàtì kan ni, ìyẹn férémù igi tí a ta aṣọ bò tí a fi ń ṣe ògiri. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8, ilẹ̀kùn sì wà lára ẹ̀. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni mo fi tì í lẹ́yìn, n kò sì gbé nǹkan wúwo lé ìdí ọ̀pá náà. Òṣèré kan fi ìbínú ti ilẹ̀kùn bí eré ṣe ní kó ṣe, ni ògiri bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bọ̀ wá síwájú jẹ́jẹ́, bí ọkọ ìyàwó tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń ṣe ìránṣẹ́ ọba ló fi ẹ̀yìn gbà á, tó sì ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ títí iná fi kú. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi wà lẹ́yìn, òógùn bò mí. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá méjì ni mo ń fi ti ògiri tó bá ní ilẹ̀kùn, àpò yanrìn á sì wà lórí ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣé yunifásítì nìkan ló lè kọ́ mi nìyẹn? Káfíńtà tó bá mi kan ògiri náà ti sọ fún mi látàárọ̀. Mo rò pé ó kàn fẹ́ kí n ra pákó kún pákó ni.

Àwọn kejì ní ìrírí ni gbogbo ẹ̀, pé ilé ìwé kò kọ́ èèyàn ní nǹkan kan. Èèyàn mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ló ń bí mi nínú jù. Mo mọ ẹnì kan tó ti ń ṣe sẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bí ogún ọdún. Bí eré bá jẹ́ ti ọba, àga kan láàárín, òpó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, awọ ẹkùn oníbánà lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ti dókítà, ó yọ awọ ẹkùn kúrò, ó fi àga àti òpó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé kí ni òpó ń wá nílé ìwòsàn. Ohun tí ilé ìwé fi ju ìdí eré tí ẹgbẹ́ kékeré ń dá ṣe lọ nìyẹn: ẹnì kan wà níbẹ̀ tí yóò dúró síwájú àwòrán ẹ, tí yóò bi ọ́ pé kí ló dé tí ilẹ̀kùn fi wà lápá òsì, tí o kò ní í rí ibi sá sí. Àwa tí a kò lọ, àfi ká wá ẹni náà fúnra wa, ká sì bẹ̀ ẹ́ kó yọ wá lẹ́nu.

Ẹ̀yin kẹta, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí la tún ń kan ìṣó fún nígbà tí LED wà, ìyẹn pátákó oníná tó ń gbé àwòrán jáde. Ẹ ti rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti rí i lóde àríyá: òkun, igbó, ọ̀run, gbogbo ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. N kò kórìíra ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni, ojú òǹwòran ló sì kọ sí. Bí ẹ kò bá dín in kù, ojú òṣèré tó dúró níwájú ẹ̀ á ṣókùnkùn, òjìji lẹ ó máa gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀. Òṣèré kò lè fara ti ògiri inú ẹ̀. Kò lè lúgọ sẹ́yìn igi ẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì dákẹ́, òkun òun igbó á jọ pòórá. Fún ẹgbẹ́ tó dáwó jọ, ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń háyà ẹ̀ fún alẹ́ méjì, kẹ́ ẹ fi wé owó pákó àti ọ̀dà, ká tó jọ máa sọ̀rọ̀.

*

Eré àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe sẹ́ẹ̀tì fún, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí n kò tíì rí kíláàsì tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Eré ìdílé ni: bàbá kan, ìyàwó méjì, ilé tí wọ́n ń jà lé lórí. Mo ya ilé náà sórí ìwé, ó wu gbogbo èèyàn. Ògiri mẹ́ta, fèrèsé kan, ilẹ̀kùn méjì. Èmi àti káfíńtà kan an pọ̀ ní àgbàlá ilé ìyá mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, àwọn aládùúgbò ń wá ya fọ́tò níwájú ẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, a gbé e dé gbọ̀ngàn. Ògiri àárín ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó gùn ní 12, odidi ló wà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kò sì ga tó 7. A dà á sọ́tùn-ún, a dà á sósì, a fi dùbúlẹ̀, a fi dúró. Ilẹ̀kùn iwájú tóbi dáadáa, àmọ́ ìsìn àdúrà ń lọ lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn, ta ló máa gbé ògiri gba àárín àwọn tó di ojú kọjá? A dúró títí wọ́n fi ṣe àmín ìkẹyìn ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Nígbà tí a wá wọlé, ìgun tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò jẹ́ kó yí. Káfíńtà wò mí, mo wò ó. Ló bá mú ayùn.

A gé e sí mẹ́ta. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la fi tò ó padà, ojú ibi tí a ti gé e hàn gbangba bí ilà ojú. Látìgbà náà n kì í kan ohunkóhun tó ju ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 lọ, ìyẹn bí plywood kan ṣe tó. Híńjì tí a lè fa ìṣó àárín ẹ̀ yọ ni mo fi ń so wọ́n pọ̀ lórí ìtàgé. Ọkùnrin méjì gbé e, ó wọ kórópe tí wọ́n bá tú àga ẹ̀, ó gba ilẹ̀kùn èyíkéyìí wọlé.

Ó kù. Alẹ́ ọjọ́ náà, ìyálé fẹ́ wọlé wá fìjà. Wọ́n ti we gèlè fún un bí ilé alájà. Gèlè kọ́ àtẹ́rígbà, ó kù sẹ́nu ọ̀nà, obìnrin náà bá ara ẹ̀ láàárín ìtàgé pẹ̀lú orí ṣíṣí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, wọ́n rò pé ara eré ni. Lálẹ́ kejì, dárẹ́kítọ̀ ní kó tún un ṣe bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹ̀wù ilé ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ìdánrawò, aṣọ kò dé títí ó fi ku ọjọ́ kan. Bàbá náà, agbádá ẹ̀ há lẹ́ẹ̀mejì. Bí eré bá ní aṣọ ńlá nínú lónìí, ilẹ̀kùn mi kì í dín ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀, bó bá sì ṣeé ṣe n kì í fi àtẹ́rígbà sí i rárá. Mo ti ka ìwé tí àwọn òyìnbó kọ lórí ìwọ̀n ilẹ̀kùn ìtàgé. N kò rí gèlè níbẹ̀.

*

Ọ̀rọ̀ owó. Ẹnì kan bínú pé mò ń kọ́ ọmọdé láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Ọwọ́ ẹ lè jẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Pákó kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ láé. Mo ti fi owó ara mi ra plywood fún eré ọ̀rẹ́ rí, wọ́n ní owó géètì á dí i. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà látìrọ̀lẹ́. Èyí tó wọlé kò tó owó ọkọ̀ àwọn òṣèré, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní Ọlọ́run á san án fún mi. Mo ṣì ń retí ẹ̀.

Torí náà gba owó ohun èlò kó tó di pé o gbé ìṣó kan. Bí wọn kò bá ní owó iṣẹ́, kí ẹ jọ fẹnu kò níṣojú ẹlẹ́rìí pé gbogbo pákó di tìẹ lẹ́yìn eré, pé orúkọ ẹ á wà lórí ìwé ètò, pé wọ́n á fún ọ ní wákàtí kan pẹ̀lú iná kí o ya fọ́tò kí wọ́n tó tú u. Fọ́tò yẹn ni sátífíkéètì ẹ.

Ẹlòmíì ní ẹni tó bá ṣe ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀fẹ́ ni wọ́n á máa pè é sí. Òótọ́ ni, mo sì ti rí i. Ìdí tí mo fi sọ pé ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn, kó sì jẹ́ fún ẹni tí kò ní. Ẹni tó bá gbé jíìpù wá wo ìdánrawò, kó sanwó.

*

Mo rí ẹni tó ní kí àbúrò má da ara ẹ̀ láàmú, pé eré Yorùbá ni, kó wá ẹní, igbá àti ìkòkò, kó ya ahéré koríko sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á mú wa kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè gbé e mì.

Ta ló sọ fún yín pé inú ahéré làwọn ọba wa ń gbé? Ẹ lọ wo òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ẹ wo agboolé, ẹ wo àkòdì, bí òrùlé ṣe yí àgbàlá po tí òjò sì ń rọ̀ sáàárín. Ibi tó ní ìpele nìyẹn, tó ní ibi tí àlejò ń dúró àti ibi tí ìyàwó ilé ń yọjú. Dárẹ́kítọ̀ tó bá gbọ́n á fi ṣe eré wákàtí méjì láìsún àga kan.

Tàbí kẹ́ ẹ má kọ́ nǹkan kan. Àwọn alárìnjó kò gbé ògiri kiri. Òǹwòran ló pagbo, agbo sì ni gbọ̀ngàn. Aṣọ tí eégún apidán fi ń di òjòlá, tó fi ń di ọ̀nì, òun náà ni ẹ ó pè ní sẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá fẹ́. Ola Rotimi, òǹkọ̀wé eré, kàwé ní Boston, ó kàwé ní Yale, ó rí gbogbo ẹ̀rọ ìtàgé tó wà níbẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn òṣèré Orí Olókun gbé eré jáde n'Ífẹ̀ ní 1968, àgbàlá ni wọ́n lò.

Ní ti ọ̀dà, kí n tó gbàgbé, torí ìwọ oníkọ̀ǹpútà ni mo ń bá wí. Àwọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà ẹ kọ́ ni yóò wà lórí ìtàgé. Mo kun ògiri ààfin kan ní pupa bí osùn, ó wù mí débi pé mo pe ìyá mi wá wò ó. Ẹni iná fi búlúù ṣe òru, ògiri pupa mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò ṣe àṣìṣe, bí iná ṣe ń ṣe ni: kò sí pupa nínú búlúù tí ògiri yóò dá padà sójú wa. Àdìrẹ náà, tí aró ẹ̀ bá jinlẹ̀, bí ẹ bá tan iná yẹ́lò sí i, aró náà á dúdú. Ní báyìí mo máa ń kun pátákó kékeré kan, n ó gbé e tọ ẹni iná lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, a ó jọ tan gbogbo àwọ̀ tó ní sí i. Má sì lo ọ̀dà tó ń dán. Gbogbo gílóòbù tó wà lókè lo máa rí lára ògiri ẹ.

*

Ó dára, ọ̀sẹ̀ 6 ẹ.

Ka eré náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní kí o kàn gbádùn ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde sílẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, kọ gbogbo ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn: àga, lẹ́tà, ìkòkò, ọ̀bẹ. Ìwé kẹta yìí ló máa gbà ọ́ lọ́wọ́ ìjà, torí ní ọjọ́ tó bá ku ọ̀la ẹnì kan á béèrè pé ọ̀bẹ dà.

Lẹ́yìn náà, àwòṣe, ìyẹn sẹ́ẹ̀tì kékeré tí a fi páálí ṣe. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lo wà, páálí kò ní í wọ́n ọ, bíléèdì àti rúlà irin kò sì jìnnà. Ìwọ̀n 1:25 ni kí o lò: sẹ̀ǹtímítà 1 lórí páálí dúró fún 25 lórí ìtàgé. Plywood kan á di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Gé èèyàn kan tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 7 pẹ̀lú, gbé e síwájú gbogbo ohun tí o bá ṣe. Àwa tó mọ àwòrán yà, aburú wa nìyẹn: ògiri wa máa ń dára títí èèyàn á fi dúró níwájú ẹ̀.

Gbé àwòṣe náà tọ àgbà kan lọ, ẹni tó ti ṣe eré jù ọ́ lọ, bó jẹ́ káfíńtà, bó jẹ́ dárẹ́kítọ̀ àtijọ́. Ra mínírà tútù fún un. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀, kí o má gbèjà ara ẹ. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Ẹni tó kọ́kọ́ wo tèmi, òpó tí mo fẹ́ràn jù ló fi ìka gbá ṣubú, ó ní, “Ta ni èyí ń dí lójú?” Mo bínú fún ọjọ́ mẹ́ta, mo lọ jókòó sí àga tó kángun sí ògiri ní gbọ̀ngàn. N kò rí ìdajì ìtàgé.

Férémù, sọ fún káfíńtà pé arère lo fẹ́. Ó fúyẹ́, ìṣó ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Káfíńtà tó bá fẹ́ràn ẹ á fẹ́ fi apá kan án kó lè pẹ́. Ṣàlàyé fún un pé alẹ́ méjì péré ni, ẹ̀yin lẹ ó sì gbé e. Ta aṣọ òwú funfun bò ó, po gúlù funfun mọ́ omi, kun ún. Bó ṣe ń gbẹ ni yóò máa fà, títí yóò fi gan bí awọ ìlù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀dà.

Ní gbogbo àsìkò yìí, lẹ téèpù aláwọ̀ mọ́lẹ̀ níbi ìdánrawò, kó jẹ́ ibi tí ògiri, ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn máa wà gan-an. Tí òṣèré bá la ògiri kọjá, pariwo mọ́ ọn. Ibo làwọn onílù máa jókòó sí? Béèrè kíákíá. Wọ́n máa ń gbàgbé wọn títí di ọjọ́ eré, ibi tí o fẹ́ fi sí ohun tó dára jù ni wọ́n á sì kó wọn sí.

Ní ti bí èèyàn ṣe ń jẹun nídìí ẹ̀, n kò ní í purọ́ fún ọ. Ìtàgé nìkan kò bọ́ mi. Sẹ́ẹ̀tì fíìmù àti ọ̀ṣọ́ òde ìnáwó ló ń san owó ilé, ìtàgé ló ń kọ́ ọwọ́ mi. Bí o bá sì ti parí tìẹ yìí, lọ bá àwọn tó ń ṣe eré ńlá kó ẹrù wọlé, kó ẹrù jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pátákó ni wọ́n ní kí o máa gbé. Terra Arena, gbọ̀ngàn eré ní Victoria Island l'Ékòó, gba nǹkan bí irinwó (400) èèyàn. Gbọ̀ngàn ńlá inú National Theatre tí wọ́n kọ́ sí Iganmu ní 1976, ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ọnà tín-ín-tìn-ìn-tín tó dùn ún wò níbi àkọ́kọ́, ẹni tó jókòó lẹ́yìn ní Iganmu kò ní í mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀. Títú sẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì ni mo ti kọ́ oríṣi ìdè tí mo ń lò dòní. Ẹni tó kan nǹkan lè fi àléébù ẹ̀ pamọ́ fún òǹwòran. Ẹni tó bá tú u á rí i.

*

Àbúrò ti dáhùn: gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ gíramà kan ni, dárẹ́kítọ̀ ọ̀hún jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀, owó pákó jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́jọ náírà. Ó ní dárẹ́kítọ̀ ń fẹ́ òkè kan tí olorì á máa dúró lé, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀. Ó béèrè pé ṣé kí òun gbà.

Má gbà á. Èèyàn márùn-ún lórí ohun tó ga tó ẹ láti ọwọ́ ẹni tí kò kan ọ̀kan rí? Àwọn tó ní ilé ìwé ni dandan, ibi tí mo ti gbà fún wọn pátápátá nìyí. Sọ fún un pé ẹsẹ̀ bàtà 2 lo lè ṣe, kó sì jẹ́ olorì nìkan, kí àwọn mẹ́rin jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Bí gbogbo èèyàn yòókù bá rẹlẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 2 á ga. Fi igi dábùú ẹsẹ̀ ẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ìwọ àti káfíńtà àti ẹni kẹta tó sanra jù yín lọ fò lórí ẹ̀ kí olorì tó gùn ún. Àtẹ̀gùn, kí gíga ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan má ju íǹṣì 7 lọ. Ìró ni obìnrin náà máa ró.

Bó bá bínú, kó bínú. Ọ̀rẹ́ ẹ ni.

O kò tíì sọ bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà ṣe fẹ̀ tó. Gbé téèpù lọ lọ́la kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, wọn ilẹ̀kùn, wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀, wò ó bóyá ìgun wà. Má tíì ra pákó kankan. Mò ń dúró de ìwọ̀n náà.